Ọwọ́ Arcesio

Ní Ricaurte, níbi tí oko ìrèké ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà mọ́ èèyàn lọ́wọ́,
bàbá mi ni onígbàjámọ̀.
Abẹ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ń sùn lórí àga rẹ̀,
tí ọ̀fun wọn wà ní gbangba.

Ife kọfí ló kọ́kọ́ tú àṣírí.
Ó ń lu àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀,
bí eyín ẹni tí òtútù mú.
A ní ọtí ni. Ó ní òun kò mutí láti ọdún Àjíǹde.
A ní ọjọ́ orí ni.
Ọwọ́ tó gbọ́n di ọwọ́ tó ń gbọ̀n,
títí ó fi gé Don Belarmino létí.
Ọkùnrin náà nu ẹ̀jẹ̀, ó sanwó, ó tilẹ̀ dúpẹ́.
Kò padà wá mọ́.

Ní Cali, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwa mẹ́ta:
bàbá, èmi, àti Duvan ọmọ mi,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì pe orúkọ mi rí,
tó ń ju apá méjèèjì bí ẹyẹ tí ilẹ̀ ń gbóná mọ́ lẹ́sẹ̀.
Mo ti gbà pé àìsàn méjì ló ń bá wa gbé.
Wọ́n ní ọ̀kan ni.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń tún ara rẹ̀ sọ, tún ara rẹ̀ sọ,
bí akólòlò tó há sí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ara rẹ̀.
Ó há díẹ̀ lára bàbá.
Ó gba ara mi kọjá, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó sì ti di púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Bàbá wo Duvan pẹ́.
"Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi," ó ní, "ilẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ wọn."

Wọn kò jẹ́ kó sùn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà.
Wọ́n fá orí onígbàjámọ̀
(ó ní ẹni tó fá a kò mọ abẹ lò),
wọ́n fi irin dè é lórí, wọ́n lu egungun,
wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ lójú mi
wọ inú ọpọlọ bàbá mi lọ.
Dókítà Quiñones na bírò sí i:
"Ẹ ya ìgbín fún mi."
Ìgbín àkọ́kọ́ dà bí èyí tí táyà tẹ̀ mọ́lẹ̀.
Wọ́n tan iná díẹ̀. Ó ní ahọ́n òun wúwo. Wọ́n dín in kù.
Ìgbín kejì ń rákò.
Ìkẹta jókòó sórí ìwé, roboto, tòun ti ikarahun rẹ̀.
Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n san gbèsè fún
lẹ́yìn tó ti gbàgbé pé wọ́n jẹ òun.

Iná náà mọ ọwọ́, kò mọ ẹsẹ̀.
Ó ṣì ń rìn bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi,
ó ń ṣi orúkọ oṣù pè.
Bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ awọ àyà, ó tó agolo ìpara.
Ṣùgbọ́n kọfí kò dà mọ́.

Duvan ni kò sùn.
Láti kékeré, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn lórí ẹ̀yìn rẹ̀
ni kò jẹ́ kí òkùnkùn bà á lẹ́rù.
Èyí tó dákẹ́ yìí, kò mọ̀ ọ́n. Ó tì í dànù.
Alẹ́ mẹ́rin, igbe.

Ní alẹ́ karùn-ún mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Bàbá gbé rìmóòtù sí àyà, ó tẹ̀ ẹ́.
Iná kú. Ìka bẹ̀rẹ̀, ọrùn-ọwọ́ tẹ̀ lé e.
Ó gbé e lé ẹ̀yìn ọmọ náà.
Duvan mí kanlẹ̀.

Ní aago mẹ́fà, kí n tó jí,
ó ti tan ara rẹ̀ padà,
ó ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí,
kò gé ibì kankan.